Nígbà tí SysRq bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí sáfà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà Ubuntu tó wà ní ọ́fíìsì wa ní Alágbàka, Àkúrẹ́, máa ń dì gbagidi tí iná bá ti lọ tó dé léraléra. SSH, tí a fi ń wọ inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kì í wọlé mọ́. Mo tẹ Alt+SysRq+W (SysRq ni bọ́tìnnì tí a fi ń pàṣẹ fún kernel, ọkàn Linux, ní tààràtà), ó kọ "This sysrq operation is disabled". Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Kíbọ́ọ̀dù yín ò ní àléébù. Kernel gbọ́ yín, wọn ò kàn fún un láyè ni. Ẹ tẹ `cat /proc/sys/kernel/sysrq`. Lórí Ubuntu, 176 ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Àròpọ̀ ni: 128 fún títún ẹ̀rọ tàn, 32 fún sísọ dísíìkì di èyí tí a ò lè kọ nǹkan sí, 16 fún kíkó ohun tó ṣì wà ní mẹ́mọ̀rì sórí dísíìkì. W (tó ń to àwọn ètò tó há) àti T (tó ń to gbogbo ètò) nílò 8, kò sì sí níbẹ̀. Ẹ fi 8 kún un, kí ẹ tún fi 2 sí i, èyí tó ń pàṣẹ bí ọ̀rọ̀ kernel yóò ṣe hàn tó. Ó di 186:

`echo 'kernel.sysrq = 186' | sudo tee /etc/sysctl.d/99-sysrq.conf`
`sudo sysctl --system`

Ẹ jẹ́ kí 99 yẹn wà níwájú orúkọ fáìlì. Tó bá jẹ́ 05 lẹ kọ, 10-magic-sysrq.conf tó bá Ubuntu wá ni ẹ̀rọ máa kà kẹ́yìn, yóò sì dá a padà sí 176.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ 1, tó ń ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn ní ọ́fíìsì tí èrò ń wọ̀ tó ń jáde: ẹni tó bá tẹ E ti ní kí gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé nìyẹn.

Ẹ lè fi `echo w | sudo tee /proc/sysrq-trigger` dán W wò, kí ẹ ka èsì nínú `sudo dmesg`. `sudo echo w > /proc/sysrq-trigger` kò ní ṣiṣẹ́, torí agbára sudo ò dé ọ̀dọ̀ `>`. Àmọ́ ọ̀nà `tee` yìí kì í wo 186 rárá, nítorí náà kò fi hàn pé kíbọ́ọ̀dù ti gbàṣẹ. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà b o: ojú ẹsẹ̀ ló ń tún ẹ̀rọ tàn, láì tọ́jú ohunkóhun.

Lọ́jọ́ tó bá tún dì, ìdí ẹ̀rọ gan-an ni kí ẹ lọ. Lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, PrtSc ni SysRq. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Alt+SysRq+9, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àkọlé nìkan lẹ lè rí; lẹ́yìn náà W. Ẹ fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ, torí dísíìkì tó ti dì ò lè tọ́jú àkọsílẹ̀ kankan. Bí ẹ bá ń rí ext4, scsi tàbí nvme (orúkọ tó jẹ mọ́ dísíìkì) lemọ́lemọ́, dísíìkì àti wáyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ má fa wáyà iná yọ. Ẹ tẹ Alt+SysRq+S, tó ń kó ohun tó wà ní mẹ́mọ̀rì sórí dísíìkì, kí ẹ dúró de "Emergency Sync complete", kí ẹ tó tẹ Alt+SysRq+U, tó ń sọ dísíìkì di èyí tí a ò lè kọ nǹkan sí, lẹ́yìn náà Alt+SysRq+B, tó ń tún ẹ̀rọ tàn. Tí ọ̀rọ̀ yẹn ò bá jáde rárá, dísíìkì ni ò dáhùn.