Ajá wa ń ranjú mọ́ ọmọ tó ń rá: ṣé ó ń ṣọ́ ọ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Leeds, ní ilẹ̀ England, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ó ti tó ọdún 4 tí a ti ní ajá kan, Border Collie, ká tó bímọ rárá. Nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ìkókó, ajá yìí ò kà á sí. Á gbóòórùn rẹ̀, á lọ sùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ti pé oṣù 8 báyìí, ó ti ń rá, nǹkan sì ti yí padà. Bí ọmọ bá ti gbéra nílẹ̀, ajá á ba, á na ọrùn síwájú, á ranjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Á máa yí i ká. Tí ọmọ bá kọrí sí ilé ìdáná, ajá á sáré lọ fi ara dí ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó fi eyín fa ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, kò kan ara. Ọkọ mi ní ó ń ṣọ́ ọmọ ni. Ìyá ọkọ mi, tó wá láti Abẹ́òkúta láti bá wa tọ́jú ọmọ, ní ojú tí ajá fi ń wo ọmọ yìí kì í ṣe ojú lásán, ká tètè gbé e kúrò nílé. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Ìyá Àánú.

Ìdáhùn: Ìyá Àánú, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí Màmá. Bí ẹ bá ní kí n mú ẹni tó sún mọ́ òótọ́ jù nínú àwọn méjèèjì, Màmá ni. Ojú yẹn kì í ṣe ojú lásán. Kì í ṣe ojú àjẹ́ náà o. Ojú iṣẹ́ ni.

Àwọn darandaran ẹnubodè England àti Scotland ló sin ìran ajá yín, kó lè máa bá wọn da àgùntàn lórí òkè. Ajá kan wà tí wọ́n ń pè ní Old Hemp, tí Adam Telfer sìn ní Northumberland lọ́dún 1893. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Border Collie kan lónìí tí kì í ṣe ìran rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ Old Hemp mọ́ ni pé kì í pariwo lé àgùntàn. Ojú ló fi ń darí wọn. Ojú yẹn náà ló wà nínú pálọ̀ yín báyìí.

Ẹ rántí bí ajá ọdẹ ṣe ń ṣe. Á rí ẹran, á ranjú mọ́ ọn, á ba, á yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ bá a, á lé e, á gbá a mú, á pa á. Bí ìkookò ṣe ń ṣọdẹ nìyẹn, ibẹ̀ ni gbogbo ajá ti jogún rẹ̀. Àwọn darandaran wá ń yan èyí tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí dunjú, tí kì í dé ìparí rẹ̀: kó ranjú, kó yọ́ lọ, kó lé, kó dúró. Ṣùgbọ́n gbígbá ẹran mú ò kúrò lára wọn tán. Àgùntàn tó bá yarí, ajá á fi eyín kàn án. Lára àwọn tí wọ́n fi ń da màlúù, bíi Corgi, bíbu gìgísẹ̀ jẹ gan-an niṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ yẹn ti wá.

Ìdí rèé tí kò fi kà á sí nígbà tó wà ní ìkókó. Ọmọ tó sùn sílẹ̀ kò jọ àgùntàn. Ọmọ tó ń rá, tó yà síbí, tó yà sọ́hùn-ún, tó sì ń han gooro, ó jọ ọ́ dáadáa. Ọjọ́ tó bá wá fẹsẹ̀ rìn, tó ń sáré, tó ń ṣubú, ó máa jọ ọ́ jù báyìí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá ọkọ yín lóhùn. Ajá tó ń da ẹran yàtọ̀ sí ajá tó ń ṣọ́ ẹran. Lórí àwọn òkè Pyrenees ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ajá funfun ńláńlá kan wà tó jẹ́ pé ṣíṣọ́ agbo niṣẹ́ wọn. Àárín àgùntàn ni wọ́n ń sùn, wọn kì í lé wọn, wọn kì í ranjú mọ́ wọn. Ìta, níbi tí ọ̀tá lè gbà wọlé, ni wọ́n ń kọjú sí. Ṣé ẹ ti rí mẹ́gáàdì tó kẹ̀yìn sí géètì, tó wá ń wo ọmọ onílé láìṣẹ́jú rí? Mo mọ̀ pé dídí tó ń dí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yẹn dùn mọ́ ọkọ yín nínú. Àgùntàn tó fẹ́ jáde nínú agbo ló ń dá padà.

(Màmá á ti máa rántí ajá ilé wa láyé àtijọ́: ọmọ á ṣu, wọ́n á pe ajá, ajá á nu ìdí ọmọ mọ́ tónítóní, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. A ò sin ajá yẹn fún dída ẹran, kò níṣẹ́ mìíràn lára ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò ní Leeds. Aràn inú ajá a máa ran ènìyàn.)

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìdánwò tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyẹn gan-an. Kí ọkọ yín gbé ọmọ lọ́wọ́, kó máa rìn kiri pálọ̀ títí ajá á fi ranjú mọ́ wọn, kẹ́ ẹ wá pe orúkọ ajá lẹ́ẹ̀kan, láìpariwo. Bó bá kọjú sí yín, tí ara rẹ̀ sì tú, ọ̀rọ̀ ṣì rọrùn. Bí ẹ bá pè é tí etí rẹ̀ ò mì, tí ẹ gbé ẹran adìẹ sí i nímú tí kò wò ó, ó ti wọ inú iṣẹ́ lọ nìyẹn. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ sí ní yàrá tí ọmọ ti ń rá. Bó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ wà nílẹ̀, ẹ fi ara yín dí àárín wọn, kẹ́ ẹ rọra gbé ọmọ. Ẹ má pariwo, ẹ má lé ajá. Ìwọ̀nyẹn á tún máa ru iṣẹ́ sókè lára rẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tó yàtọ̀ sí iṣẹ́, tó sì máa ń bà mí lẹ́rù jù ú lọ: ìpayà. Ajá tó bá ń gbójú kúrò lára ọmọ, tó ń lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ, tó ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún, tí funfun ojú rẹ̀ ń hàn, tí ara rẹ̀ le gan-an bí ọmọ bá sún mọ́ ọn, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ gba òun ni. Bó bá kùn, ẹ má nà án. Bí ẹ bá nà án, ìpayà ò ní lọ, kíkùn nìkan ló máa lọ, tó bá wá dọjọ́ kan, á gé ọmọ jẹ láìkùn rárá.

Nínú ilé, ẹ ra géètì kékeré tí wọ́n ń fi sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ àti ajá ò gbọdọ̀ jọ wà nílẹ̀ àfi kí àgbà wà níbi tọ́wọ́ ti lè tó wọn, kì í ṣe àgbà tó ń tẹ fóònù. Ẹ tẹ́ ẹní kan fún ajá síbi tí ọmọ kì í dé. Nígbà tí ẹnì kan bá gbé ọmọ dání tó ń rìn kiri, ẹ máa fún ajá ní ẹran adìẹ tàbí wàràkàṣì díẹ̀díẹ̀ lórí ẹní náà. Bó bá mọ ìyẹn, kí ọmọ jókòó sílẹ̀. Bó bá mọ ìyẹn náà, kí ọmọ wá máa rá ní òdìkejì géètì. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ méjì.

Ó sì nílò iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí ẹ máa ju bọ́ọ̀lù fún un títí á fi rẹ̀ ẹ́. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀: ìlé lẹ tún ń kọ́ ajá tó ti mọ ìlé jù tẹ́lẹ̀. Ẹ rìn ín dáadáa, kẹ́ ẹ sì máa fi oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ káàkiri kó máa fi imú wá a.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko yín lọ́sẹ̀ yìí, torí ajá tí etí tàbí oríkèé ń dùn kì í ní sùúrù. Ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú méjì dání. Bí eyín bá kan ara ọmọ, tàbí tí ara ajá le tó sì kùn sí i, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá lọ́jọ́ náà, kí oníṣègùn fi yín ṣọwọ́ sí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nípa ìwà ajá; orúkọ wọn wà nínú ìwé Animal Behaviour and Training Council, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ irú àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sá fún ẹni tó bá fẹ́ fi bẹ́líìtì ọrùn tó ń gbé iná kọ́ ọ. Láti ọdún 2014, òfin England àti Wales lórí ajá tí apá olówó rẹ̀ ò ká ti wọ inú ilé onílé, kò mọ sí títì mọ́.

Kò tíì tó ohun tẹ́ ẹ máa gbé e kúrò nílé fún, bó bá ń dáhùn orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi géètì sí i kí ọmọ tó fẹsẹ̀ rìn, kẹ́ ẹ sì fi Màmá ṣe ọ̀gá géètì náà. Ó dá mi lójú pé kò ní gbàgbé láti tì í.