Ọmọ aládùúgbò mi ní ẹnì kan ń wọlé tọ òun lálẹ́. Ṣé mo lè fẹjọ́ sùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Aránṣọ ni mí, apá Ìpájà ní Èkó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 kan wà nílé kejì sí wa tó máa ń dúró lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ilé ìwé títí ìyá rẹ̀ á fi ti ọjà dé. Lánàá ló sọ fún mi pé àbúrò ọkọ ìyá òun, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, máa ń wọlé tọ òun lálẹ́, ó sì tún wá lóru ọjọ́ tó ṣáájú. Mo sọ fún ìyá rẹ̀, ẹkún ló bú sí. Ó ní ọkọ òun ló ń sanwó ilé, lílù ni yóò sì lu òun bí òun bá lanu. Lándíọ̀ọ̀dù ti gbọ́, ó ní ká ní sùúrù di Sátidé kí àwọn àgbà jókòó lé e lórí. Èmi kì í ṣe ẹbí wọn. Ṣé mo lè fẹjọ́ sùn? Ṣé wọn ò ní dárúkọ mi? Ṣé wọ́n máa gbowó?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa, tí ẹ gba ọmọ yẹn gbọ́. Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé náà ni mo ti pè yín, nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi dúró de ìgbà tí a máa tẹ ìdáhùn jáde. Ẹ gbà kí n kọ ọ́ síbí nítorí àwọn mìíràn, mo sì ti yí àwọn ohun tí èèyàn lè fi dá ọmọ náà mọ̀ padà.

Ẹ lè fẹjọ́ sùn dáadáa. Ẹni tó bá mọ̀ ló lè sọ, kò dìgbà tó bá jẹ́ ẹbí. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ló ṣáájú ọlọ́pàá, ó sì ṣáájú ìpàdé àwọn àgbà. Sátidé ti jìn jù.

Ìdí ni pé oògùn tí wọ́n fi ń dènà kòkòrò HIV lẹ́yìn irú ìwà ọ̀daràn báyìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wúlò mọ́. Èyí tí kì í jẹ́ kí oyún dúró náà, bí ó bá ti ń pẹ́ ni agbára rẹ̀ ń dínkù, kò sì kọjá ọjọ́ márùn-ún. Bí ọmọ kò bá tíì máa rí nǹkan oṣù rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà ló sọ ohun tó yẹ, kì í ṣe ìyá ọmọ, kì í sì í ṣe èmi.

Ní Èkó, Mirabel Centre, ibi ìtọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wà nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà. Oṣù keje ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. WARIF, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, náà ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ní Yábàá. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú níbẹ̀, àyẹ̀wò, oògùn àti ẹni tí yóò máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ má fi owó dá ara yín dúró.

Ìdí kejì jẹ mọ́ òfin, ó sì máa ń bí mi nínú pé a kì í sábà sọ ọ́ fún àwọn òbí. Lábẹ́ òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra ní kóòtù. Adájọ́ á gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè torí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí mìíràn tó tì í lẹ́yìn. Ìwé tí dókítà kọ lè jẹ́ ẹ̀rí náà. Aṣọ tí ọmọ wọ̀ sùn lè jẹ́ ẹ, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú. Ohun tí ìyá tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ sì kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí ó gbé omi kaná, kí ó wẹ ọmọ rẹ̀ mọ́ fínnífínní, kí ó fọ páńtì sínú ọṣẹ. Ìfẹ́ ló ń mú un ṣe é, àmọ́ ẹjọ́ ọmọ ń bá omi yẹn lọ.

Nítorí náà, kí ọmọ má wẹ̀ kí dókítà tó rí i. Bí ó bá ti wẹ̀ ná, kí ó ṣì lọ. Ẹ kó aṣọ náà láìfọ̀ sínú bébà tàbí àpò ìwé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má lo láílọ́ọ̀nù, torí ó máa ń mú aṣọ rin, ohun tó wà lára rẹ̀ á sì bàjẹ́.

Ẹ̀yin fúnra yín ti di ẹlẹ́rìí. Ẹ jókòó lónìí, kí ẹ kọ ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí ó bá ní "ó fọwọ́ síbi tí mo fi ń tọ̀", ohun tí ẹ máa kọ nìyẹn. Ẹ má bá a wá ọ̀rọ̀ àgbà sí i. Ẹ má sì tún máa bi í léèrè léraléra. Bí ìyá bi í, tí lándíọ̀ọ̀dù bi í, tí ìyàwó pásítọ̀ náà bi í, yóò rẹ̀ ẹ́, ìtàn náà á máa yí díẹ̀díẹ̀, lọ́yà olùjẹ́jọ́ ni yóò sì jèrè rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, kò ṣẹ̀. Ìyẹn tó.

Ní ti ibi tí ẹ máa sùn ún sí: ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ kan fún ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA. Ọdún 2014 ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀, òfin ọdún 2021 sì sọ ọ́ di àjọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 08000 333 333, ìpè ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ fún wọn lórí ìpè pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ yín nílé náà. Mi ò ní tàn yín, ṣá: bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, ó ṣeé ṣe kí agbẹjọ́rò ìjọba nílò yín, torí ẹ̀yin ni ọmọ kọ́kọ́ sọ fún. Kó tó dìgbà náà, ẹ bèèrè ètò ààbò tó wà fún ẹlẹ́rìí.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà máa sọ ní Sátidé. Wọ́n á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn tó ń jà lórí ilẹ̀ tàbí gbèsè ni òwe yẹn wà fún. Ọmọ ọdún 11 kò bá ẹnikẹ́ni jà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ìyá ọmọ tí yóò fi ní òun ti yọwọ́. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni. Lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn Èkó, ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀ lè lo gbogbo ayé rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ẹni tó fọwọ́ kan ọmọ láìtọ́ lè gba ọdún 7. Ẹni tó bá sì gbowó láti bo irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀daràn lòun náà. Ẹ lè sọ èyí fún lándíọ̀ọ̀dù pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú kí ẹnikẹ́ni má gbé fọ́tò ọmọ náà sórí WhatsApp tàbí Facebook. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé dáàbò bo orúkọ àti ojú rẹ̀.

Ìyá ọmọ náà nílò ìrànlọ́wọ́, torí ìbẹ̀rù ilé ló pa á lẹ́nu mọ́. Èkó ti ní òfin ìdáàbòbò kúrò lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé láti ọdún 2007. Kóòtù lè fún un ní ìwé àṣẹ tó ka lílù léèwọ̀ fún ọkọ, ó lè ní kí ọkọ má ṣe wọ ilé náà, ó sì lè pàṣẹ pé kí ó ṣì máa san owó ilé. Bí ó bá fọwọ́ síwèé pé òun gbà, ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká lára lè bá a bèèrè. Ti ọmọdé kò tiẹ̀ nílò ìfọwọ́sí yẹn. Kí àjọ DSVA bá a ṣe é, kò nílò láti wá lọ́yà olówó gọbọi.

Kóòtù wa máa ń pẹ́. Wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú, ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí á ti kúrò ní tèṣàn yẹn, ìyá á sì máa fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀ wá. Ìkẹjà jìn sí Bàdágìrì, ó jìn sí Ẹ̀pẹ́, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ìjọba ṣì jẹ àwọn èèyàn ní gbèsè jù. Èyí ló fi yẹ kí ẹ̀yin tó wà ní tòsí máa bá ìyá yẹn lọ.

Fún àwọn tí kò gbé Èkó: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Àbújá ní ọdún 2003, àti VAPP ti 2015 tó wà fún ìwà ipá sí èèyàn, kì í ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan àfi tí ilé ìgbìmọ̀ ibẹ̀ bá sọ wọ́n di òfin tiwọn. Èkìtì ti ṣe tiwọn lórí ìwà ipá yìí láti ọdún 2011, Ògùn sì gba VAPP wọlé ní 2017. Bí ẹ ò bá mọ ilé iṣẹ́ tí ẹ máa lọ ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ tẹ 627. NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ló ni ín, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.