Ìtumọ̀ pránáyámà, àti bóyá èémí lè yọ́ ọ̀rá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti wọn kílò 104, ẹ̀jẹ̀ mi sì ń ru, dókítà ní kí n wá nǹkan ṣe sí ìsanra mi. Ọmọ mi wá fi fídíò ará Íńdíà kan ránṣẹ́ sí mi. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń fi imú fọn fú-fú-fú, ikùn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n pe ohun tó ń ṣe ní pránáyámà, wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá ikùn. Ẹnì kan nínú ìjọ wa ní òrìṣà Íńdíà ni wọ́n fi ń bọ. Kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí gan-an, ṣé mo sì lè ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ dárúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fojú fò. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà.

Èdè Sanskrit ni, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀sìn ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Prana ni èémí, òun náà sì ni ẹ̀mí. Ayama ni nínà, kí nǹkan gùn ju bó ṣe wà lọ. Nínà èémí ni pránáyámà. Àwọn kan a máa túmọ̀ rẹ̀ sí kíkó èémí níjàánu, torí wọ́n gbọ́ yama, tó jẹ́ ìkóra-ẹni-níjàánu, níparí rẹ̀. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n nínà ni mo fara mọ́, torí ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn: èémí kúkúrú ló ń sọ di gígùn.

Kò yẹ kí prana ṣòroó yé ọmọ Yorùbá. Láti inú mí ni àwa náà ti rí èémí, láti ibẹ̀ náà la ti rí ẹ̀mí. Bí àìsàn bá dá àgbàlagbà gúnlẹ̀ nílé, imú rẹ̀ la máa ń tẹ̀ síwájú wò, ká mọ̀ bóyá ó ṣì wà pẹ̀lú wa. Ìtàn kan wà nínú Chandogya Upanishad, ìwé ẹ̀sìn Íńdíà tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ ọ́ fún ọmọdé ní Òṣogbo, yóò rò pé tiwa ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu, ojú, etí, èrò àti èémí ń jiyàn ta ni ọ̀gá láàrin wọn. Wọ́n lọ bá Prajapati, baba wọn. Ó ní èyí tó bá kúrò tí ara sì bàjẹ́ jù lọ, òun ni ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́kọ́ lọ. Ó lo ọdún kan, ó padà dé, ó ní báwo lẹ ṣe ṣe é láìsí èmi? Wọ́n ní bí odi ṣe ń ṣe é: a ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n à ń mí, à ń ríran, à ń gbọ́ràn. Ojú lọ, ó bọ̀. Etí lọ, ó bọ̀. Èrò lọ, ó bọ̀, wọ́n ní a wà bí ọmọ ọwọ́. Ó wá kan èémí. Bó ṣe dìde pé òun ń lọ báyìí, ńṣe ló ń fa gbogbo wọn tu tìdí-tìdí, bí ẹṣin alágbára ṣe ń fa èèkàn tí wọ́n so ó mọ́ tu nílẹ̀. Gbogbo wọn figbe ta: má lọ o, ìwọ lọ̀gá wa!

Bí èémí ṣe di ohun tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún lọ́hùn-ún nìyẹn. Patanjali, ẹni tí wọ́n ní ó kọ ìwé Yoga Sutra, pín ọ̀nà yógà, ìyẹn bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń tọ́ ara àti ọkàn sọ́nà, sí mẹ́jọ, ó sì fi pránáyámà ṣe ìkẹrin. Ìwà ló gba méjì àkọ́kọ́, ìjókòó wà lẹ́yìn wọn, èémí tẹ̀ lé e, kí ọkàn tó lè dúró sójú kan. Ó ní bí èèyàn bá ń ṣe é, ìbòjú tó bo ìmọ́lẹ̀ inú á máa fẹ́lẹ́. Nínú ìsìn ojoojúmọ́ àwọn ìdílé Bráhmínì, ìyẹn ìran àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Híńdù, ọmọkùnrin tí wọ́n ti fi òwú mímọ́ kọ́ léjìká ń ṣe pránáyámà ní àfẹ̀mọ́jú, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú àdúrà Gayatri. Torí náà, ẹni tó sọ fún yín pé ìsìn ni kò parọ́. Nílé tí wọ́n ti bí i, ìsìn ni.

Ibì kan wà tó máa ń wọ̀ mí lára nínú ìwé òfin Manu, ìwé òfin àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà. Ó ní bí ìdọ̀tí ṣe ń jóná kúrò lára irin nígbà tí wọ́n bá ń fínná sí i, bẹ́ẹ̀ ni àbùkù ara ṣe ń jóná nípa pránáyámà. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló ń wí! Ìwé Hatha Yoga Pradipika náà, tí Svatmarama kọ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tún gbé ẹwìrì jáde. Ohun tí ẹ rí nínú fídíò yẹn, ó dá mi lójú pé Kapalabhati ni. Kapala ni agbárí, bhati ni pé ó ń dán. Ìwé náà ní kí a máa mí wọlé, kí a máa mí jáde kíákíá bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Nínú ìwé yẹn, Kapalabhati kò sí lára pránáyámà. Ó wà lára iṣẹ́ ìwẹ̀nùmọ́ mẹ́fà tí wọ́n ń ṣe ṣáájú. Ìwé náà sì sọ ẹni tó wà fún: ẹni tí ọ̀rá àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá pọ̀ lára rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹni tí kò bá ní wọn kò ní láti ṣe é. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀rá ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kì í ṣe àwọn oníFacebook ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àtijọ́ ń palẹ̀ ọ̀rá mọ́ kí wọ́n lè ráyè jókòó ti èémí ni. Àwọn ti òde òní ti yí i padà. Ọ̀rá ni wọ́n ń lé, èémí wá di irinṣẹ́.

Ṣé irinṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká padà sí àgbẹ̀dẹ. Ẹni tó ti jókòó níbẹ̀ rí mọ̀ pé ẹwìrì méjì ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, awọ ni wọ́n fi bò wọ́n, ọ̀pá kan sì dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń fínná á gbé ti ọ̀tún sókè, á tẹ ti òsì wálẹ̀, fùkẹ̀-fùkẹ̀, òógùn á bò ó. Èédú á pọ́n, irin dúdú á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àmọ́ bí èédú bá tán, bí ọmọ náà fínná títí ilẹ̀ ó fi ṣú, eérú lásán ni yóò máa fẹ́ sójú ọ̀gá rẹ̀. Ẹwìrì kọ́ ló ń jó, èédú ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rá rí. Ní 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Ọsirélíà, ṣírò ibi tí ọ̀rá ń gbà jáde lára. Bí èèyàn bá lo kílò 10 ọ̀rá tán, kílò 8.4 ló ń bá èémí jáde bíi carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, kílò 1.6 tó kù á di omi. Èémí ni ọ̀rá ń bá lọ lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó ọ̀rá yẹn, nípa iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe àti oúnjẹ tí a dín kù, kí imú tó rí nǹkan gbé jáde. Ẹni tó jókòó sójú kan tó ń mí fú-fú-fú kò jó ju ìwọ̀nba lọ. Bó bá yára jù, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń gbọ́n dànù, òòyì á kọ́ ọ, ọwọ́ á máa ṣe é yìnnìn.

Ewu sì wà níbẹ̀. Ní 2004, àwọn dókítà kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn pé ẹ̀dọ̀fóró obìnrin kan, ẹni ọdún 29, jò nítorí Kapalabhati tó fi agbára ṣe. Svatmarama fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀: bí wọ́n ṣe ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tu kìnnìún, erin àti ẹkùn lójú ni kí a ṣe fún èémí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pa ẹni tó ń ṣe é. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, aláboyún, ẹni tó ní ìpákè tàbí àrùn ọkàn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún: Kapalabhati, èémí bí ẹwìrì yẹn, kò wà fún wọn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi fídíò yẹn sílẹ̀.

Èyí tó wà fún yín ni èyí tó lọ́ra. Bí ikùn bá tóbi, ó máa ń ti iṣan tó pààlà láàrin ikùn àti àyà sókè, èémí á wá kúrú, á wà lókè àyà nìkan. Ìdí nìyẹn tí àtẹ̀gùn díẹ̀ fi ń mú wa mí gúlegúle. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fà á gùn dé nǹkan bí ìgbà 6, ọkàn á rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì lè wálẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó sanra kéré níye èèyàn, wọ́n sì da èémí pọ̀ mọ́ ìdárayá àti oúnjẹ, kò ṣeé sọ pé èémí nìkan ló ṣe é. Àǹfààní tí mo gbà gbọ́ jù ni ti òru. Ọ̀pọ̀ wa ló ń jẹun torí ìrònú, kì í ṣe torí ebi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó mí fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ṣí ìkòkò, ó lè rí i pé ebi kọ́.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ jókòó lórí àga, ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Ẹ fi àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún pa ihò imú ọ̀tún dé, ẹ rọra fa èémí gba ti òsì, ẹ ka ení dé ẹrin. Ẹ fi ìka tí à ń wọ òrùka sí pa ti òsì dé, ẹ ṣí àtàńpàkò, ẹ mí jáde gba ọ̀tún, ẹ ka ení dé ẹfà. Ọ̀tún yẹn náà ni kí ẹ tún ti fa èémí wọlé, kí ẹ wá mí jáde ní òsì. Nadi shodhana ni wọ́n ń pè é, fífọ ọ̀nà èémí. Lójú wọn, ihò òsì ni ọ̀nà òṣùpá, ti ọ̀tún ni ọ̀nà oòrùn. Ẹ má ṣe dá èémí dúró rárá.

Ní ti ìgbàgbọ́ yín, onímọ̀ ìṣègùn Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pavia, ní Ítálì, ṣe ohun kan ní 2001. Wọ́n ní kí èèyàn 23 ka àdúrà rosary àwọn Kátólíìkì, kí wọ́n sì tún ka mantra, ọ̀rọ̀ mímọ́ tí àwọn oníyógà máa ń pè ní àpètúnpè. Àdúrà méjèèjì fa èémí wọn wálẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ pe orúkọ òrìṣà kankan. Bí kíka ení, èjì bá sú yín, ẹ fi ẹsẹ Sáàmù kan tí ẹ mọ̀ lórí rọ́pò rẹ̀, ìlàjì fún wíwọlé, ìlàjì fún jíjáde.

Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bí dókítà ṣe ní kí ẹ lò ó, ẹ máa rìn ní àárọ̀, ẹ dín ẹ̀bà alẹ́ kù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ sọ ọwọ́ kúrò nímú, ẹ jẹ́ kí èémí máa lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.