Èsì: Ìdíje ìfọwọ́ ní wọ́ọ̀dù

Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ní ẹ lẹ orúkọ àti máàkì ìfọwọ́ mọ́ ògiri, àwọn òṣìṣẹ́ wá ń parọ́ máàkì. Ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò. Ojú ń ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni. Ẹ fún gbogbo àwọn tó jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní máàkì kan ṣoṣo.

1. Kí ẹnikẹ́ni má ka tara rẹ̀; kí ẹnì kan wá láti wọ́ọ̀dù mìíràn wá máa wò.

2. Nínú ìgbà márùn-ún tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) ní ká fọwọ́, kí a tó fọwọ́ kan aláìsàn la sábà máa ń fò. Ẹ sọ máàkì ti ibẹ̀ di ìlọ́po méjì, torí aláìsàn gan-an ni ìyẹn ń dáàbò bò. Ti ẹ̀yìn tí a bá fọwọ́ kan aláìsàn tán, a máa ń rántí torí ara wa.

Àmọ́ ó dìgbà tí sanitáísà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì o. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30 ló ń gbà, ti ọṣẹ àti omi jẹ́ 40 sí 60. Tí sanitáísà kò bá sí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, owó ẹ̀bùn ìdíje yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi rà á.