Inhaler, AS, àti ọmọ tó fẹ́ wa hẹlikọ́pítà ológun Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìdúró ti ọmọ, Mà. Ẹ ní ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí dókítà kan ní Ìbàdàn fún un ní inhaler nítorí ikọ́ tí kò tètè lọ, kí ẹ tó kó wá sí Amẹ́ríkà. Genotype rẹ̀ jẹ́ AS, hẹlikọ́pítà ológun ló sì fẹ́ wà. Recruiter, ẹni tó ń gba ọmọ wọṣẹ́ ológun, ti ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá kó sọ, àti bóyá AS ò ní lé e sẹ́yìn.

Kó sọ. Ohun kan náà ni recruiter tèmi wí: "Ṣáà máa fi 'rárá' dáhùn gbogbo ẹ̀." Iye ọmọ tí wọ́n bá mú wọlé làwọn ọ̀gá wọn ń kà sí wọn lọ́rùn. Ọmọ yín ló máa buwọ́ lu DD 2807-2, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè àìsàn téèyàn ti ṣe rí, kì í ṣe recruiter. Láti 2022 ni ibùdó àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MEPS ti ń lo MHS Genesis, ètò kọ̀ǹpútà tó lè fa rẹ́kọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn àti ti oògùn téèyàn gbà jáde láti ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà. Ẹ lè ní Ìbàdàn ni tiwa, kò lè dé bẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí fún dókítà kan ṣoṣo níbí, ó ti wà nínú ìwé. Wọ́n lè fún èèyàn ní waiver, ìyẹn ìyọ̀ǹda láti wọlé bí kò tilẹ̀ kúnjú ìwọ̀n, lórí ọ̀rọ̀ èémí. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ológun, kódà lẹ́yìn tó ti ń fò.

Ìdí tí ọdún 14 yẹn fi ṣe pàtàkì rèé: òfin wọn ni pé ẹni tí asthma tàbí ohun tí dókítà bá pè ní reactive airway disease (ọ̀nà èémí tó máa ń fún pọ̀) bá bá jà lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 13 kò kúnjú ìwọ̀n, àfi tó bá gba waiver. Bó bá ti parí ṣáájú ọdún 13, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Èmi, òtútù àyà ló ṣe mí nígbà tí mo wà ní high school. Dókítà kíníìkì kan kọ inhaler fún mi, ó sì kọ "asthma" sí fáìlì kí ìnṣọ́ránsì lè sanwó rẹ̀. Kò sọ fún mi, kò sọ fún màmá mi. Ọdún gorí ọdún, mo dé MEPS, ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ò tíì gbé nǹkan lé mi láyà tó ti kọ ọ́ pé mi ò yẹ. Mo ní òtútù àyà ni, ó ní ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà lòun ń wò. Mo padà sí kíníìkì ọ̀hún pé kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ní dókítà náà ti lọ, ẹlòmíràn ò sì lè fọwọ́ kan ohun tó kọ.

Àwọn tó ń fúnni ní waiver wá béèrè gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ àyà mi láti kékeré, títí kan ti Nàìjíríà. Àǹtí mi ni mo rán. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Lónìí, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rékọ́ọ̀dù ò wá. Lọ́la, òjò ti wọ yàrá fáìlì. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àǹtí mi wá nǹkan fáwọn ọmọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n kọ ni pé "a mọ aláìsàn yìí, ó máa ń wá síbí." Kí ni kí n fi ìyẹn ṣe? Ẹni tí ẹ bá rán, ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ sílẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó wá, àìsàn tí wọ́n ní ó jẹ́, oògùn tí wọ́n fún un, iye ìgbà tó lò ó, orúkọ dókítà, òǹtẹ̀. Kó má kúrò níbẹ̀ láìkà á. Bí fáìlì bá ti ṣòfò lóòótọ́, kí wọ́n kọ ìyẹn náà kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

Àyẹ̀wò tó gbà mí ni ti methacholine. Wọ́n á fún un ní oògùn kan tó ń fún ọ̀nà èémí, á fà á símú díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa wọn agbára èémí rẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ tó ìdá 20 nínú 100, wọ́n á ní ó fara jọ asthma. Kó má ṣe é bí ọ̀fìnkìn bá ń bá a jà tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ! Ọ̀fìnkìn nìkan tó láti ba èsì jẹ́, èsì burúkú á sì wọ inú ìwé. Ọ̀sẹ̀ tí imú mi dí pa ni dókítà àyà fẹ́ fi tèmi sí, mo kọ̀ jálẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn waiver jáde, mo ṣe SIFT, ìdánwò àwọn tó fẹ́ kọ́ fífò, mo lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan èèyàn. Ìyẹn ò le.

Ẹ má pa MEPS àti àyẹ̀wò ti fífò pọ̀. MEPS ń wò ó bóyá ó lè ṣe ológun. Dókítà òfuurufú tún ní tirẹ̀, òfin rẹ̀ sì le jù. Bí ẹ̀ka kan bá kọ̀ ọ́, ẹ̀ka mìíràn lè fún un ní waiver, torí kálukú ló ń ṣe ìpinnu tirẹ̀.

Àwa tí wọ́n gún ní BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára TB, ní ilé, àyẹ̀wò TB tí wọ́n ń gún sí awọ ara lè wú, kí wọ́n máa rò pé kòkòrò TB wà lára wa. Ti ẹ̀jẹ̀ ni kó béèrè. Bí gìrì bá gbé e rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kó kọ ọ́ pé ibà ló fà á, kí akọ̀wé kankan má baà sọ ọ́ di wárápá.

Ó yẹ kí n ti dáhùn ti AS. SS ni kò lè wọlé. AS nìkan kò ti ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọ́n lè béèrè ìwé electrophoresis, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi genotype hàn, kí wọ́n sì bi í bóyá AS náà ti dá a wó rí. Títí di 1981, Air Force Academy, ilé ẹ̀kọ́ ológun òfuurufú ní Colorado, kì í gba ọmọ AS. Káàdì genotype tí a fi ń mú ìyàwó ní ilé, kó fi sílẹ̀; lab ibí ni kó ti ṣe òmíràn. Kó máa mu omi dáadáa tó bá ń sáré nínú oòrùn, torí sísáré àsápajúdé nínú ooru máa ń dá àwọn AS kan wó.

Ṣé ó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà? Green card lè mú un wọ iṣẹ́ ológun, kò lè sọ ọ́ di páílọ́ọ̀tì. Bí kò bá tíì fi N-400, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ ìlú, sílẹ̀, kó tètè ṣe é, kí ẹ sì rán ẹni yín sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ kan náà, torí ti Ìbàdàn ló máa pẹ́ jù.