Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Irúgbìn Ọgbà Tí Kì Í Hù Lọ́dún Kejì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọdọọdún ni mo ń ra irúgbìn tòmátò, ata, ilá àti àlùbọ́sà fún ọgbà kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé mi, ọdọọdún náà ni mo sì ń da èyí tí ó ju ìdajì lọ nù, nítorí pé bí mo bá gbin ìyókù lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, díẹ̀ ni ó máa ń hù. Orí pẹpẹ ilé ìdáná ni mo ń kó wọn sí, nínú páálí tí mo ti ya ẹnu rẹ̀. Ṣé kí n kúkú máa ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ pé ẹ sọ ibi tí ẹ ń kó wọn sí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni owó yín ti ń jò. Ohun alààyè ni irúgbìn. Ó ń mí, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i, ooru àti ọ̀rinrin ni ó sì ń mú kí ó tètè gbó. Nínú gbogbo ilé, ó ṣòro láti rí ibi tí méjèèjì pọ̀ tó ti ilé ìdáná. Àwọn onímọ̀ irúgbìn ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní ti Harrington: bí omi inú irúgbìn bá fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ọjọ́ ayé irúgbìn náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bí ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí bá sì fi nǹkan bí ìwọ̀n 5 Celsius tutù sí i, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Ìlànà yìí ní ààlà tirẹ̀, ṣùgbọ́n fún irúgbìn ọgbà bíi tiyín, ó tó láti fi ṣe amọ̀nà.

Ẹ wá ìgò onídérí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé. Ẹ fi páálí irúgbìn kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ọdún tí ẹ rà á lára rẹ̀. Ohun tí yóò fa ọ̀rinrin mu náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: àwọn hóró kéékèèké inú àpò tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun dára, bí wọ́n bá ṣì gbẹ. Bí ẹ kò bá ní wọn, ẹ yan ìrẹsì tí ẹ kò tíì sè lórí iná títí yóò fi gbẹ dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó tutù nínú ohun tí a dé pa, kí ẹ sì dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìgò náà sínú fíríìjì. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí, ó sì dùn mí pé ó ń ba irúgbìn rere jẹ́: bí ẹ bá gbé ìgò náà jáde, ẹ má ṣe ṣí i títí tí òtútù ara rẹ̀ yóò fi lọ, nítorí bí afẹ́fẹ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá kan irúgbìn tí ó tutù, ìrì yóò sẹ̀ sí i lára.

Ní ti owó, páálí tí ó wọ́n díẹ̀, tí hóró rẹ̀ hù, sàn ju èyí tí a rà ní owó pọ́ọ́kú tí a sì dànù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọdún tí wọ́n dì í. Lẹ́yìn náà, ẹ ro iye ọdún tí irúgbìn náà lè lò. Àlùbọ́sà kì í sábà ju ọdún kan sí méjì lọ, nítorí náà díẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ máa rà á, kí ẹ má sì fọwọ́ kan èyí tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù nítorí pé ó ti pẹ́. Ilá àti ata ń lo bí ọdún méjì, ẹ̀wà àti kárọ́ọ̀tì bí mẹ́ta, tòmátò àti kábéèjì bí mẹ́rin, kùkúmbà sì lè dé márùn-ún. Gírámù 1 tòmátò lè ní hóró bí 300, èyí tí ó ju ohun tí agbolé kan nílò lọ. Ẹ̀yin àti aládùúgbò méjì lè jọ dáwó rà á, kí ẹ sì pín in. Àwọn irúgbìn tí wọ́n ti fi nǹkan bò lára kí ó lè rọrùn láti gbìn kì í pẹ́ bíi ti àwọn tí a kò bò. Ọdún tí ẹ bá rà wọ́n ni kí ẹ gbìn wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Irúgbìn kan wà lọ́wọ́ mi tí n kò mọ ọdún tí mo rà á. Ẹnì kan ní kí n dà á sínú omi, pé èyí tí ó bá rì ni ó dára.

ÌDÁHÙN: A kò fara mọ́ ti omi yẹn, nítorí irúgbìn tí ó ti kú lè rì, èyí tí ó yè sì lè léfòó. Ẹ ka hóró 10 sórí aṣọ tàbí bébà tí ó tutù, tí omi kò ṣàn lára rẹ̀, ẹ ká a, ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e síbi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò títí di ọjọ́ keje sí ìkẹwàá. Ata lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá hù, ẹ gbìn ín bí ó ti yẹ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ gbìn ín ní ìlọ́po méjì. Bí kò bá tó mẹ́ta, ẹ ra òmíràn. Ẹ lè fi ìṣọ́ra gbé àwọn tí ó hù náà sínú ilẹ̀, kí ìdánwò má baà jẹ irúgbìn yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè yọ irúgbìn láti inú èso tí mo gbìn, kí n má baà máa rà á mọ́?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n kọ F1 sára páálí tí ẹ kọ́kọ́ rà. Ọmọ tí oríṣi méjì jọ bí ni F1. Irúgbìn inú èso rẹ̀ yóò hù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní jọra, ọ̀pọ̀ kò sì ní dà bí ìyá wọn. Ẹ fi tòmátò àti ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀, nítorí òdòdó wọn kì í sábà nílò ti ẹlòmíràn kí wọ́n tó so. Kùkúmbà àti àgbàdo ṣòro, nítorí kòkòrò àti afẹ́fẹ́ ń pò wọ́n pọ̀ mọ́ oríṣi mìíràn tí ó bá wà nítòsí. Ẹ fún hóró tòmátò pẹ̀lú omi ara rẹ̀ sínú ife, ẹ jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sórí àwo ní ibòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kì í ṣe sórí bébà tí yóò lẹ̀ mọ́, kì í sì ṣe nínú oòrùn tí ó mú. Hóró kòkó àti máńgòrò kò sí nínú ọ̀rọ̀ ìgò àti fíríìjì yìí rárá: bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n kú, nítorí náà ní kété tí a bá ti yọ wọ́n nínú èso ni a ń gbìn wọ́n.