Tẹmómítà mi àti fóònù mi kò bára mu lórí òkun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọkọ̀ kékeré ni mo fi ń jáde sórí òkun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ewé kò mì, mo ti tẹmómítà bọ omi, ó ka 30.5°C. Fóònù mi ní 28°C ni. Nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n ní ìdájí ọjọ́ kejì, 28.2°C ni mo rí. Ṣé tẹmómítà mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ o. Fóònù náà kò sì parọ́. Omi tí wọ́n ń wọ̀n ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ó ju ìdajì ooru oòrùn lọ tí kì í kọjá mítà kan àkọ́kọ́ nínú omi. Omi tó bá gbóná á fúyẹ́, á wá jókòó lé èyí tó tutù lórí. Bí kò bá sí atẹ́gùn tí yóò rú u pọ̀, ooru òwúrọ̀ á dúró síbẹ̀, ti ọ̀sán á tún wá gùn ún. Bí ẹ bá wẹ̀ nínú òkun lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àyà yín á wà nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹsẹ̀ yín á kan òtútù. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin ni ooru yìí máa ń le jù, kì í ṣe aago méjìlá tí oòrùn kanrí. Tílẹ̀ bá ṣú, omi òkè á tutù, á wúwo, á rì, á sì pò mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ohun tí ẹ bá ní ìdájí nìyẹn.

Atẹ́gùn ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá ń fẹ́ ju nǹkan bí mítà 6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru kì í sábà pé ìdajì dìgírì. Ṣùgbọ́n bí òkun bá pa lọ́lọ́, tí ojú ọ̀run mọ́, dìgírì méjì tàbí mẹ́ta kò ṣàjèjì. Sátẹ́láìtì ti rí èyí tó ju márùn-ún lọ.

Ní ti fóònù, nọ́ńbà tó ń gbé jáde sábà máa ń jẹ́ ti agbègbè tó fẹ̀, tí wọ́n sì ti yọ ooru ọ̀sán kúrò nínú rẹ̀. Abájọ tó fi sún mọ́ ti ìdájí yín. (Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: awọ òkun gan-an, èyí tó tín-ínrín ju irun orí lọ, a máa fi nǹkan bí 0.2°C tutù ju omi abẹ́ rẹ̀ lọ, torí òun ló ń fi ooru fún afẹ́fẹ́.)

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ kan wé òmíràn, ti ìdájí ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹ so tẹmómítà mọ́ okùn tó ní òjé, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní ìdá mẹ́wàá mítà kan, ní mítà kan, àti ní mítà mẹ́ta, kí ẹ sì kọ aago àti bí atẹ́gùn ṣe rí sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Kí ó má ṣe sún mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ń tu omi sí: omi ibẹ̀ gbóná ju tòkun lọ.